Okùn Tí Kò Gbé Orin

Yàrá kan ni, lẹ́yìn ibùdó rélùwéè ní Kubwa.
Páálí ẹyin la fi bo ògiri,
ọyẹ́ sì ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, kò kí ẹnikẹ́ni.

Lúpà méjì wà nílẹ̀.
Tèmi pupa, àlòkù, mo rà á ní Wuse
lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ní ọmọ òun ti di pásítọ̀.
Ti Kefas dúdú, ó gbé e wá láti Kafanchan
nínú àpò tí wọ́n ti fi kó ata ilẹ̀ rí;
títí dòní, bó bá ti gbóná,
ata ilẹ̀ ló ń rùn.

Mo fẹsẹ̀ tẹ tèmi, jìtá ń yí po.
Ó fẹsẹ̀ tẹ tirẹ̀, béèsì ń yí po.
Ìyípo kìíní, wọ́n jọ rìn bí ọmọ ìyá.
Ìkẹta, ọ̀kan ti ń wẹ̀yìn.
Nígbà tó fi di ìkẹsàn-án
béèsì ń wọlé bí ẹni tó pẹ́ dé ìsìn,
tó ń wá ìjókòó láàárín àdúrà.

Ìwọ lo yára. Ìwọ lo falẹ̀.
Ọjọ́ mẹ́rin la fi jà á.
Asabe, ìyàwó rẹ̀, ló dá ẹjọ́ náà níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà:
"Àpótí kọ̀ọ̀kan ló ní aago inú tirẹ̀.
Ta ló ti bá wọn sọ̀rọ̀?"

A ra wáyà mídì, ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún.
A kì í bọ̀ ọ́, a tẹ̀ ẹ́. Pàbó.
Aago méjì òru lu kí n tó rí i:
ẹnu la so mọ́ ẹnu.
Àwọn méjèèjì ń sọ̀rọ̀, etí ni kò sí.

Ìwé tó bá a wá pe ọ̀kan lọ́gàá,
ó pe èkejì lẹ́rú.
Kefas mú bírò, ó pa á rẹ́ kanlẹ̀,
ó kọ ọ́ sókè: ẹni tó ń kà. Ẹni tó ń gbọ́.
Èmi ni mo ń kà. Ó ní òun ti kà tó
ní báńkì, owó olówó, ọdún mọ́kànlá.

Ohun tó yà mí lẹ́nu nìyí:
okùn yẹn kò gbé orin.
Kò gbé ohùn jìtá,
kò mọ̀ bóyá ẹkún ni mo ń sun tàbí ẹ̀rín.
Kíkà nìkan ló ń rù lọ,
mẹ́rìnlélógún nínú ìṣísẹ̀ kan,
bí èèrà tó tò lọ sí ihò.

Síbẹ̀ kò tó.
Ìyára dọ́gba, ṣùgbọ́n ó ń bá mi rìn ní òpópónà kejì.
Aago náà mọ bí a ṣe ń yára tó,
kò mọ ibi tí a dé.
Àfi ká dá méjèèjì dúró,
ká panu mọ́,
ká tún bẹ̀rẹ̀ láti ení.

Ení.
Kefas kò wo ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́.
Ìyípo kẹsàn-án, ìkọkàndínlógún, ó di ọgọ́ta,
béèsì ń bọ́ sínú jìtá bí ọwọ́ ṣe ń bọ́ sínú apá ẹ̀wù.

Ìgbà yẹn la gbọ́ ọ nínú àpótí mi:
ko-ko-kó, irin lára irin.
Mẹ́rúwà ni, tó kọjá lójú fèrèsé láàárọ̀ àná
nígbà tí mo ń gba jìtá sílẹ̀.
Ó ti ta omi rẹ̀ tán, ó ti sùn ní Byazhin,
ó ṣì ń kọjá,
lórí ìṣísẹ̀ kẹrin gan-an, kì í yẹ̀.
Mo ní kí n pa á rẹ́. Kefas ní rárá,
òun náà ti wọ ẹgbẹ́.

Ilẹ̀ mọ́, òun fúnra rẹ̀ dé,
kẹ́ẹ̀gì méjìlá lórí ọmọlanke.
Ko-kó. Ko. Ó dúró, ó húkọ́. Ko-ko.
Ó falẹ̀ níbi tí òkúta wà, ó sáré níbi tó dagun.
Wáyà wa ò gùn dé ẹsẹ̀ rẹ̀.

Asabe ra kẹ́ẹ̀gì méjì.
A ò pa ẹ̀rọ. Ó dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà,
ó ń gbọ́ ara rẹ̀ tó ń kọjá,
kò mọ̀ pé òun ni.
Ó ka owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì,
ó bá tirẹ̀ lọ.